Ogún Kì í Ṣe Ìkógun: Ìtàn Pípín Ohun Ìní Òkú ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́

Iná kú, ó fi eérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí sọ bí ó ti yẹ kí ikú rí nínú ilé Yorùbá: ẹnì kan lọ, ẹlòmíràn dúró sí ààyè rẹ̀, ilé kò sì dahoro. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rìn kọjá ní àwọn àdúgbò àtijọ́ ní Àjàṣẹ́ lónìí, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, yóò rí àwọn ilé ńláńlá tí àwọn Àgùdà kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti Bùràsíìlì dé. Òrùlé òmíràn nínú wọn ti wó, igi sì ti hù láàárín yàrá. Kì í ṣe pé àwọn tí ó kọ́ wọn kò bímọ. Ọmọ pọ̀, ọmọ-ọmọ sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ó ń wó irú ilé bẹ́ẹ̀ ni pé a kò pín in, a kò sì fi í sí ọwọ́ ẹnì kan tí yóò máa bójú tó o. Gbogbo ènìyàn ni ó ni ilé, kò sí ẹni tí ó ni àtúnṣe rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ogún bá délẹ̀ nínú ẹbí, ohùn méjì ni a sábà máa ń gbọ́. Ohùn kìíní ní òfin ìjọba ni ó ba àṣà jẹ́, pé bí kò bá sí òfin ọdún 2004, ìjà kì bá tí wọ ilé. Ohùn kejì ní àṣà gan-an ni ó burú, pé obìnrin kò rí nǹkan kan gbà nínú rẹ̀ rí, nítorí náà kí a gbé e sọnù. Ìtàn kò ti ọ̀kan nínú méjèèjì lẹ́yìn. Àṣà ogún ní ilẹ̀ wa kò dúró sí ojú kan rí; ó ti yí padà ní ọ̀pọ̀ ìgbà kí Faransé tó dé. Ohun tí a sì ń pè ní àṣà lónìí, púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ohun tí òyìnbó kọ sílẹ̀ lórúkọ wa.

Ohun tí a kì í pín

Àwọn baba ńlá wa kò fi gbogbo ohun ìní sínú agbọ̀n kan. Wọ́n mọ ohun tí a kì í pín rárá. Ilẹ̀ ẹbí wà nínú rẹ̀: àwọn tí ó wà láyé ń ro ó, àwọn tí wọ́n ti kú ni ó fi í sílẹ̀, àwọn tí a kò tíì bí sì ní ìpín nínú rẹ̀. Agbo-ilé wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé inú ilé ni a ń sin àgbà sí ní ayé àtijọ́. Ta ni yóò ta ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ sùn sí?

Adé sì ni olórí gbogbo ohun tí a kì í pín. Ní Kétu, ìdílé márùn-ún ni ó ń jẹ Alákétu ní yípo. Bí ọba bá wàjà, ọmọ rẹ̀ kò jókòó sí ipò rẹ̀; ìdílé mìíràn ni oyè kàn. Ọmọ ọba kò lè kó ààfin bí ẹni tí ó ń kó ẹrù bàbá rẹ̀, nítorí ààfin kì í ṣe ti bàbá rẹ̀. Ìlú ni ó ni ín, ìdílé tí ó kàn sì mọ̀ pé òun náà yóò gbé e lé ìdílé mìíràn lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ètò yìí ju ti ààfin lọ: ẹni tí ó jókòó lórí nǹkan kò fi bẹ́ẹ̀ di ẹni tí ó ni ín. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni olórí ẹbí rí. Òun ni ó ń ṣọ́ ohun ìní, òun ni ó ń sọ̀rọ̀ lórúkọ ẹbí, ṣùgbọ́n ẹbí lè bi í léèrè, wọ́n sì lè mú un kúrò bí ó bá sọ ohun gbogbo-gbòò di ti ara rẹ̀.

Ohun tí a ń pín, àti àwọn tí a ń pín in fún

Ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó jọ ni a ń pín: irè oko, aṣọ, owó, ẹran ọ̀sìn, àti ilé tí ó fi òógùn rẹ̀ kọ́. Ní ìgbà tí ó ti pẹ́ gan-an, ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, àwọn àbúrò òkú ni ó máa ń gba púpọ̀ nínú ẹrù rẹ̀, pàápàá àwọn tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni ọwọ́ àwọn ọmọ fi wọ inú rẹ̀, títí tí ó fi di pé ọmọ ni ó ń jogún bàbá. Ìyípadà ńlá ni èyí. Kò sí òfin ìwé tí ó mú un wá. Ayé ni ó yí, àwọn àgbà sì yí pẹ̀lú rẹ̀.

Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ṣàlàyé pé oko bàbá ń bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọmọkùnrin rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé obìnrin nìkan ni ọmọ, ó ń lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin inú ẹbí, àfi bí àwọn ọmọbìnrin náà bá lè rí sí i pé oko kò di igbó. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí. Ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀ ni ta ni yóò tọ́jú oko. Jíjẹ́ obìnrin nìkan kọ́ ni ó lé ọmọ kúrò níbẹ̀. Àìlè tọ́jú rẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rù.

Ohun ìní obìnrin wà lọ́tọ̀ gedegbe. Ìyá tí ó ń nájà, tí ó ní owó, aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ tirẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó ń jogún rẹ̀. Bí kò bá bímọ, ẹrù rẹ̀ ń padà sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Ọkọ kì í jogún aya, aya kì í sì í jogún ọkọ. Ibẹ̀ ni ìṣòro opó ti wá. Ọmọ rẹ̀ ni ó mú un dúró nílé ọkọ. Bí kò bá sì bímọ, yálà kí àbúrò ọkọ ṣú u lópó, tàbí kí ó di ẹrù rẹ̀ padà sí ilé bàbá rẹ̀. Ní ayé tí kò sí owó ìfẹ̀yìntì, opó ṣíṣú jẹ́ ọ̀nà láti bọ́ obìnrin àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni pé a kì í fi ìgbà gbogbo bi obìnrin náà bí ó bá fẹ́ ẹ.

Bí ọmọ bá wá pọ̀, tí wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan, ọ̀nà méjì ni àṣà mọ̀. Ọ̀nà kìíní ni ìdí-igi: a ka iye ìyàwó tí ó bímọ, a sì fún ìdí kọ̀ọ̀kan ní ìpín kan. Ọ̀nà kejì ni orí-ò-jorí: a ka orí ọmọ, a sì fún olúkúlùkù ní ìpín tirẹ̀. Ká ní ọkùnrin kan ní ìyàwó méjì, ọ̀kan bí ọmọ kan, èkejì bí ọmọ márùn-ún. Lọ́nà ìdí-igi, ọmọ kan ṣoṣo yìí yóò gba ìdajì, àwọn márùn-ún yóò pín ìdajì tí ó kù, tí ó túmọ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́wàá fún olúkúlùkù wọn. Lọ́nà orí-ò-jorí, ìdá kan nínú mẹ́fà ni olúkúlùkù ọmọ yóò gbà. Olórí ẹbí àti àwọn àgbà ni ó ń wo bí ilé ṣe rí, tí wọ́n sì ń yan ọ̀nà tí kò ní dá ìjà sílẹ̀. Méjèèjì ni àṣà. Kò sí èyí tí a kó ti òkè òkun wá.

Ogún àti gbèsè jọ ń rìn

Ohun kan wà tí àwọn tí ó ń yin àṣà kì í fẹ́ rántí: ẹni tí ó jogún ẹrù jogún ẹrù-iṣẹ́. Ẹni tí ó gba oko òkú gba ìtọ́jú àwọn ọmọ òkú pẹ̀lú, títí di ọjọ́ tí wọn yóò fi lè dá dúró. Ẹni tí ó gba àpò owó gba gbèsè tí ó wà lórí rẹ̀.

Gbèsè kì í sì í ṣe ohun ṣeréṣeré láyé àtijọ́. Olówó lè rán ológò lọ sí ilé onígbèsè, kí ó jókòó tì wọ́n, kí ó máa jẹ, kí ó máa mu, kí ó sì máa han gbogbo ilé léèmọ̀, títí wọn yóò fi san án. Ẹbí tí kò rí owó lè fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà, kí ó máa ro oko fún olówó títí owó yóò fi pé. Nítorí náà, kí a tó pín ohunkóhun, ó di dandan kí a béèrè ní gbangba: ta ni òkú jẹ lówó, ta sì ni ó jẹ òkú lówó? Ẹbí, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò ni ẹlẹ́rìí. Ìdákọ́ńkọ́ kò sí nínú rẹ̀. Pípín ogún jẹ́ ìpàdé tí ojú púpọ̀ ń wò, kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń ṣe ní òru nígbà tí opó ṣì ń sunkún nínú yàrá.

Ogun 1886 àti ààlà 1889

Ètò tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ẹlẹ́rìí lágbára bí ẹlẹ́rìí bá wà. Ní 1886, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì wọ Kétu, wọ́n sun ìlú náà, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Kétu di ahoro títí di 1894, nígbà tí àwọn tí ó kù padà wá tún un ṣe lẹ́yìn tí Faransé ti ṣẹ́gun Dàhòmì. Ẹ ro ohun tí èyí ṣe sí ọ̀rọ̀ ogún wò. Àgbà tí ó mọ ààlà oko ti kú sí oko ẹrú; ẹni tí ó mọ gbèsè ti sọnù; ọmọ tí ogún tọ́ sí ń dàgbà ní ilẹ̀ àjèjì, kò sì mọ orúkọ bàbá rẹ̀ àgbà. Kò sí ìwé kankan nílé. Ohun tí ó kù lórí ahọ́n àwọn tí ó padà dé nìkan ni ẹ̀rí tí ó wà. Láti ìgbà náà ni ó ti yẹ kí ó hàn sí wa pé ọ̀rọ̀ ẹnu dára, ṣùgbọ́n ẹnu a máa kú pẹ̀lú ẹni tí ó ni ín.

Kí Kétu tó tún dìde, ohun mìíràn ti ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí àdéhùn tí ó pín ilẹ̀ Yorùbá ìwọ̀-oòrùn sí méjì. Ìlú Kétu bọ́ sí ọ̀dọ̀ Faransé, Mẹ̀kọ́ tí ó jẹ́ ti ìjọba Alákétu bọ́ sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọjọ́ náà, bàbá kan lè ní ilé ní Kétu kí ó sì ní oko ní Mẹ̀kọ́, kí àwọn ọmọ rẹ̀ sì bá ara wọn lábẹ́ òfin méjì lórí ogún kan. Àwọn ẹbí tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ṣì wà títí di òní.

Ọ̀nà tí àwọn ìjọba méjèèjì gbà mú àṣà yàtọ̀ síra. Ní Èkó, ẹjọ́ ni ó ń gbé àṣà wá sójú ìmọ́lẹ̀, adájọ́ a sì máa gbọ́ ẹnu àwọn ìjòyè. Bàbá kan tí a ń pè ní Mabinuori kú ní Èkó ní 1874. Ní 1908, ilé-ẹjọ́ gbà nínú ẹjọ́ ẹbí rẹ̀ pé ọmọ tí ó dàgbà jù lè di olórí ẹbí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ obìnrin. Nínú ẹjọ́ ogún Suberu Dawodu, ẹni tí ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, adájọ́ àkọ́kọ́ ní orí-ò-jorí ni ó bá ayé mu. Ilé-ẹjọ́ gíga yí i padà ní 1958, wọ́n ní ìdí-igi ṣì ni àṣà. Ìgbìmọ̀ adájọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù sì fọwọ́ sí èyí ní 1962. A lè jiyàn lórí ìdájọ́ náà, ṣùgbọ́n ohun kan dájú: ìjiyàn náà wáyé ní gbangba, a sì gbọ́ ti ọ̀nà méjèèjì.

Ìwé ọdún 1931

Lọ́dọ̀ Faransé, ọ̀nà mìíràn ni ó gbà. Àṣẹ ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá 1903 dá ilé-ẹjọ́ sílẹ̀ fún ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí Faransé ń ṣàkóso. Òfin Faransé wà fún àwọn kan, àṣà wà fún àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n òyìnbó tí ó jókòó ṣe adájọ́ kò mọ àṣà tí yóò fi dájọ́. Nítorí náà ni ìwé-àṣẹ ọjọ́ 19 oṣù kẹta 1931 fi ní kí a kọ àṣà sílẹ̀. Ohun tí ó tibẹ̀ jáde ni a mọ̀ sí Coutumier du Dahomey, ìwé kan ṣoṣo tí a kó àṣà gbogbo ẹ̀yà ilẹ̀ náà sí.

Ìwé náà wí pé obìnrin kò ní agbára kankan lábẹ́ òfin, pé ara ohun ìní ọkùnrin ni ó jẹ́, ara ogún sì ni. Kí ìyálọ́jà Àjàṣẹ́ kan tí ó ní owó àti ìṣọ̀ tirẹ̀ ka gbólóhùn yìí! Àṣà tí ó mọ ohun ìní ìyá yàtọ̀ sí ti bàbá, tí ó ń ka ìdí-igi pẹ̀lú orúkọ ìyá, tí ó ń bi ọmọbìnrin bí ó bá lè tọ́jú oko, ni a sọ di gbólóhùn kan ṣoṣo tí kò ní ẹnu-ọ̀nà. Àwọn tí a bi léèrè nígbà náà, ọkùnrin ni púpọ̀ nínú wọn, ìjòyè sì ni wọ́n; kò yani lẹ́nu pé ohun tí ó dára fún wọn ni ó wọ inú ìwé. Ohun tí ó burú jù ni pé àṣà tí ó ti ń rìn láti ọ̀dọ̀ àbúrò dé ọ̀dọ̀ ọmọ kò lè rìn mọ́. A dá a dúró sí ibi tí ìwé bá a ní 1931.

Ó ju 60 ọdún lọ tí a fi ń lo ìwé yìí ní ilé-ẹjọ́, àní lẹ́yìn òmìnira 1960. Àwọn ọmọ wa tí ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kà á, wọ́n sì gbà pé àṣà baba wọn nìyẹn. Bàbá tí ó fẹ́ lé ọmọbìnrin kúrò nínú ogún a sì máa tọ́ka sí àṣà, kò mọ̀ pé ìwé-àṣẹ gómìnà ni òun ń tọ́ka sí.

Láti 1990 dé 2004

Òfin-ìpìlẹ̀ ọjọ́ 11 oṣù kejìlá 1990 kéde nínú abala rẹ̀ kẹrìndínlọ́gbọ̀n pé ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba lójú òfin. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án 1996, Ilé-ẹjọ́ Òfin-Ìpìlẹ̀ sọ pé Coutumier du Dahomey kò ní agbára òfin, a kò sì gbọdọ̀ fi dájọ́ mọ́. Ní 2002, àwọn aṣòfin gba òfin tuntun lórí ènìyàn àti ẹbí wọlé. Ilé-ẹjọ́ náà dá a padà ní ọjọ́ 23 oṣù kejìlá ọdún náà, nítorí pé ó fún ọkùnrin láàyè láti fẹ́ ju ìyàwó kan lọ, èyí tí kò bá ìdọ́gba mu. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n gbà á ní oṣù kẹfà 2004, ó sì di òfin ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ 2004.

Kí ni òfin yìí sọ lórí ogún? Ó ní ọmọ ni ọmọ ń jẹ́: ọkùnrin tàbí obìnrin, àgbà tàbí àbíkẹ́yìn, ọmọ tí a bí nínú ìgbéyàwó tàbí lóde rẹ̀, ìpín kan náà ni olúkúlùkù yóò gbà. Kí ni èyí bí kò ṣe orí-ò-jorí? Nínú ọ̀nà méjì tí àwọn baba wa mọ̀, òfin yan ọ̀kan, ó sì ti èkejì. Ẹni tí ó bá ní ìdí-igi sàn jù lè ṣàlàyé ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ pé àjèjì ni orí-ò-jorí jẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn Mùsùlùmí Àjàṣẹ́ náà, tí ìmáàmù máa ń pín ogún fún lọ́nà tí ọmọkùnrin fi ń gba ìlọ́po méjì ti ọmọbìnrin, wà lábẹ́ òfin kan náà bí ọ̀rọ̀ bá dé ilé-ẹjọ́.

Ibi tí òfin ti yà kúrò ní ọ̀nà àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ opó. Ó fún aya tí ọkọ rẹ̀ kú, àti ọkọ tí aya rẹ̀ kú, ní ìpín tirẹ̀ nínú ogún. Ó sì sọ pé kò sí ìgbéyàwó láìsí ìfẹ́ àwọn tí ó ń ṣe é. Nítorí náà, a kò lè fi ipá ṣú ẹnikẹ́ni lópó mọ́. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó tí a ṣe níwájú aṣojú ìjọba ni òfin mọ̀. Obìnrin tí a fẹ́ pẹ̀lú obì, oyin àti ìdána nìkan, tí kò tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ dé ọ́fíìsì ìjọba, yóò rí i pé àwọn ọmọ òun jogún, ṣùgbọ́n òun gẹ́gẹ́ bí aya kò ní ohun tí yóò fi di ìpín rẹ̀ mú. Àwọn obìnrin tí ọ̀ràn yìí kàn ní Kétu, ní Pọbẹ̀, ní Ṣábẹ̀ẹ́ kò kéré, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì mọ̀ títí di ọjọ́ ìsìnkú.

Ilé tí kò ní olúwa

A lè padà wá sí àwọn ilé Àgùdà Àjàṣẹ́. Ọmọ tí òfin sọ pé ó dọ́gba, ó dọ́gba nínú ilé tí a kò pín pẹ̀lú. Bí bàbá àgbà bá bí ọmọ mẹ́jọ, tí olúkúlùkù wọn bí mẹ́fà, àwọn ọmọ-ọmọ méjìdínláàádọ́ta ni ó ni òrùlé kan. Ọ̀kan wà ní Kùtọnù, ọ̀kan ní Èkó, ọ̀kan ní Paris. Àtúnṣe òrùlé nílò owó. Ẹni tí ó bá san án ń bẹ̀rù pé òun ń tún ilé ẹlòmíràn ṣe. Òfin sì sọ pé a kò lè fi ipá mú ẹnikẹ́ni wà nínú ogún àìpín: ẹnì kan ṣoṣo lè lọ bẹ ilé-ẹjọ́ kí wọ́n pín in, bí ilé kò bá sì ṣeé pín, títà ni. Bẹ́ẹ̀ ni ilé tí ó yẹ kí ó jẹ́ ìrántí gbogbo ìlú fi ń wó tàbí tí ó fi ń di ilẹ̀ títà.

Láyé àtijọ́, olórí ẹbí ni ìdáhùn sí ìṣòro yìí: ẹnì kan ń ṣọ́ ọ, gbogbo ẹbí ń bi í léèrè. A pa ipò náà tì nítorí àwọn kan lò ó láti fi jẹ ẹbí, a kò sì fi ohun mìíràn rọ́pò rẹ̀. Òfin kò ní kí a pa á tì. Àwọn ajogún lè jọ fọwọ́ sí ìwé pé ilé yóò wà papọ̀ fún àkókò kan, kí wọ́n yan ẹni tí yóò máa gba owó ilé, tí yóò sì máa ṣe ìṣirò fún wọn. Olórí ẹbí náà ni, ṣùgbọ́n ìwé wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn.

Ohun tí ìtàn ń béèrè lọ́wọ́ ẹbí lónìí

Àwọn baba wa pe ẹlẹ́rìí. Àkọsílẹ̀ ni ẹlẹ́rìí ti òde òní. Kí a gba ìwé-ẹ̀rí ikú láìpẹ́, nítorí kò sí ilé-ìfowópamọ́ tàbí ọ́fíìsì tí yóò dá ẹbí lóhùn láìsí i. Kí ìgbìmọ̀ ẹbí jókòó, kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ọmọ sílẹ̀, títí kan èyí tí ìyá rẹ̀ kò sí nílé, kí wọ́n yan alábòójútó, kí wọ́n sì gbé àkọsílẹ̀ ìpàdé náà lọ sí ilé-ẹjọ́ kí ó fi òǹtẹ̀ lù ú. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé àga tàbí ọ̀kadà kúrò, kí a ka ohun gbogbo: ilẹ̀, ilé, owó báńkì, owó inú fóònù, owó àjọ tí ó wà lọ́wọ́ alájọ. Gbèsè ni kí a kọ́kọ́ san, bí ó ti rí láyé ológò. Ajogún tí ó bá rí i pé gbèsè ju ẹrù lọ lè kọ ogún náà. Òfin fún un láàyè.

Owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí ti iléeṣẹ́ aládàáni yàtọ̀ sí ogún. Opó àti ọmọ òrukàn tí kò tíì dàgbà ni a dá a sílẹ̀ fún, kì í ṣe ohun tí ìgbìmọ̀ ẹbí ń pín. Ẹ̀gbọ́n òkú tí ó bá gba ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ opó kò tẹ̀lé àṣà, kò sì tẹ̀lé òfin. Ní ti ilẹ̀, òfin ilẹ̀ ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 2013 ti mú kí ìwé di ohun tí ó ń sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀. Ilẹ̀ ẹbí tí ó ṣì wà ní orúkọ bàbá àgbà, tàbí tí kò ní ìwé rárá, lè bọ́ lọ́wọ́ ẹbí nígbà tí àwọn tí ó mọ ààlà rẹ̀ bá ti kú tán.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ẹni tí ó wà láàyè sọ̀rọ̀. Ìwé ìhágún kì í pe ikú. Ẹni tí ó lè kọ̀wé lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, kí ó kọ ọjọ́ sí i, kí ó sì fọwọ́ sí i. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè lọ sọ́dọ̀ notaire. Òfin kò gbà á láàyè láti fi í gba ìpín ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n ó lè sọ ibi tí ìwé ilẹ̀ wà, ẹni tí òun jẹ lówó, àti ohun tí òun fẹ́ kí a ṣe sí ilé tí a kò gbọdọ̀ tà. Àgbà tí ó dákẹ́ títí ó fi kú kò fi àlàáfíà sílẹ̀. Àdììtú ni ó fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àwọn àgbà kò sọ pé ọmọ burúkú ni, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́. Kétu mọ ìdílé tí adé kàn nítorí pé wọ́n ń kọ́ ọmọ ní ètò náà láti ìran dé ìran. Bí a bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún adé, a lè ṣe é fún yàrá mẹ́rin àti éékà oko méjì. Ìkógun ni kí alágbára kó ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bà, kí ó sì máa lọ. Ogún ni ohun tí a kà, tí a san gbèsè rẹ̀, tí a pín lójú gbogbo ènìyàn, tí ìpín opó àti ti àbíkẹ́yìn sì wà nínú rẹ̀.